Ìrora Ni Tìrẹ

Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń lọ gbé ìlú òkèèrè. Mo ní mò ń lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Nàìjíríà ni, pé bí nǹkan bá ti rọ̀ nílé, wọn á rí mi. Ó kù díẹ̀ kí ọdún 1990 wọlé nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe, ṣùgbọ́n ìjọba wa ní Kútọnu kò rí owó oṣù san fún wa mọ́. A ó jí lọ síṣẹ́, a ó tọ́jú aláìsàn, a ó sì padà wálé lọ́wọ́ òfìfo. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé dókítà kan ní Ìlọrin ń wá nọ́ọ̀sì, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìlọrin. Mo ní, báwo ni ibẹ̀ ṣe fẹ́ jẹ́ òkèèrè fún mi?

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ló ti yé mi. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀. Mo mú abẹ́rẹ́ dání, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní pikúrù."

Bàbá dìde jókòó fìrì. "Kí lo fẹ́ fún mi?"

"Pikúrù ni, bàbá. Kí ara yín lè yá."

"Mi ò gbà á o! Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o, èyí fẹ́ fún mi ní pikúrù!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, abẹ́rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu nílé débi pé n kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé kì í ṣe Yorùbá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Kútọnu. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ń pè mí bẹ́ẹ̀, mẹ́gádì ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kétu jìnnà sí Kútọnu dáadáa, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìkan ló gbé mi débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ jókòó ṣàlàyé fún?

Ilé ìwòsàn aládàáni ni. Kò jìnnà sí Ọ̀fà Garage. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ ohùn àwọn agbèrò tí wọ́n ń pe Ọ̀fà, tí wọ́n ń pe Òṣogbo. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni dókítà tó ni ín, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Ọmọ ìlú kan náà ni Mátírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, obìnrin gíga kan tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn mọ́ ìbàdí. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rí mi, nítorí náà ipò tó kéré jù ni wọ́n fi mí sí.

"Kútọnu kọ́ nìyí," Mátírọ́ọ̀nù wí fún mi. "Abẹ́rẹ́ yòówù kí o fẹ́ fún ènìyàn, wàá kọ́kọ́ gbé e wá kí n rí i."

"Ó dáa, mà."

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Síbẹ̀ mò ń gbé e lọ bá a, màá nà án sókè níwájú rẹ̀ bí ọmọléèwé tó ń fi síléètì han tíṣà, yóò wò ó, yóò mi orí pé ó dáa. Kò bú mi rí. Kò sì bá mi jókòó jẹun rí.

Ara mi kì í balẹ̀. Ohun tí mo rántí jù nípa ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni ìrìn. Lọ́jọ́ tí n kò bá níṣẹ́, n kì í lè gbé inú yàrá mi. Màá fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀fà Garage lọ sí Post Office, màá yà sí Ọjà Tuntun, màá máa wo aṣọ, màá máa wo abọ́, n kò ní ra nǹkan kan, màá tún padà. Eruku ọyẹ́ á ti bò mí dé ìpéǹpéjú. Inú báàgì ni aṣọ mi wà. Kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú yàrá tí mo háyà, n kò fi aṣọ kan kọ́ sínú rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé kò yẹ kí n máa tú ohun tí màá tún palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láìpẹ́.

Mo ní ọjọ́ ayọ̀ mi náà. Obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé wàrà wá tà lẹ́bàá Garage, Hàláàtù lorúkọ rẹ̀. Mo dúró níwájú igbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń pè é níbí. Mo ní, "Ẹ bá mi bu wàgáàṣì." Mo ti ń retí ẹ̀rín. Obìnrin náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun wà lọ́hùn-ún, lápá ọ̀dọ̀ wa, pé wàgáàṣì làwọn náà ń pè é. Ó bu ẹyọ kan lé e fún mi. Mo rìn padà sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba oyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ pe Màámi ní Post Office. Wàá sọ nọ́ńbà tí o fẹ́ pè, wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wàá máa retí títí wọn á fi ní kí o wọnú àpótí onígíláàsì. Ní Kétu, ilé oníṣòwò kan tó ní tẹlifóònù ni Màámi máa ń wá dúró sí.

"Ṣé o ń jẹun?" Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn nígbà gbogbo.

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Irú oúnjẹ wo?"

Mo ní ọkà ni, mo ní gbẹ̀gìrì ni, mo ní wàrà ni. Ó ní, "Wọn ò ní àkàsà?" Kí n tó sọ pé wọ́n ní ẹ̀kọ, pé ọ̀kan náà ni, wáyà á ti já.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ń yàtọ̀ síra wa, èmi àti àwọn ará Ìlọrin, ọ̀kan wà tí kò yàtọ̀: ọ̀rọ̀ ìrora. Ó pẹ́ kí n tó kíyè sí i. Bí o bá bi àgbàlagbà Ìlọrin pé báwo ni ara, "Alihamudu lilahi" ni yóò sọ, kódà kí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta. Bí o bá bi í bóyá ó ń dùn ún, yóò ní kò le. Ṣùgbọ́n bí o bá ní, "Kí ló ń ṣe fún yín gan-an?" nígbà náà ni yóò sọ̀rọ̀. Ó ń ta mí. Ó ń ro mí. Ó ń gún mí. Ó ń já mi nínú. Ó ń fà mí wá sẹ́yìn. Ó ń sọ kúlúkúlú. Bí a ti ń wí i ní Kétu nìyẹn gẹ́lẹ́. Títa kì í ṣe ríro, gígún kì í ṣe jíjá, olúkúlùkù wọn ló ní ìdí tirẹ̀ nínú ara. Mo máa ń tẹ́tí sí wọn bí ẹni tó gbọ́ ohùn ará ilé lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọjọ́ Ajé ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ti kírun àílà tán, oòrùn mú ganringanrin. Tírélà kan tó ru sìmẹ́ńtì ń bọ̀ lójú títì, bíréèkì rẹ̀ já. Kò ní ibi tó lè yà sí. Ó kọ lu àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lọ́wọ́ ní Garage, ó wọ́ wọn mọ́ra, ó sì wọ inú àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì lọ. Níbi tí a wà, a kọ́kọ́ gbọ́ ariwo irin, ilẹ̀ sì mì. Lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn agbèrò dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn dé. Wọ́n gbé wọn sórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ, wọ́n gbé wọn sínú bárò, wọ́n pọ̀n wọ́n sẹ́yìn. Takisí kan kó mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣẹ́rí padà. Bẹ́ẹ̀dì kún, kọ́rídọ̀ kún, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ wọn sí àgbàlá lábẹ́ igi dóńgóyárò. Sìmẹ́ńtì bo gbogbo wọn, àgbà àti ọmọdé, funfun báláú, o kò lè mọ ẹni tó dúdú yàtọ̀ sí ẹni tó pupa. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde nìkan lo fi ń mọ̀.

Dókítà gorí àtẹ̀gùn, ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa kọjú sí i. Kò gbé ohùn sókè.

"Mátírọ́ọ̀nù, mímí àti ẹ̀jẹ̀ ni tiyín. Ẹni tí kò bá lè mí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà, ẹ pè mí. Ẹ̀yin méjì, ẹ máa fi omi tútù ṣan àwọn tí epo àkàrà gbígbóná dà lé lára, ẹ má fi nǹkan mìíràn sí i." Ó wò yíká, ojú wa ṣe mẹ́rin. "Sístà, ìrora ni tìrẹ."

Mátírọ́ọ̀nù yíjú. "Dókítà, òun nìkan?"

"Òun nìkan, mà. Bí ọwọ́ méjì bá ń fún wọn lábẹ́rẹ́ nínú rúkèrúdò yìí, a máa fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹni náà ò sì ní jí mọ́."

Mátírọ́ọ̀nù tú kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí rẹ̀. Ó wò mí díẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Dókítà bá mi rìn dé ẹnu àpótí oògùn, ó ń sọ̀rọ̀ bí a ti ń lọ. Oògùn tó wà níbẹ̀ kò lè kárí, àwa méjèèjì rí i. Ó ní kí n máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí n dúró wò ó kí n tó fi kún un; pé ẹni tí ara rẹ̀ ti tutù, bí o bá gún un sí ìdí, oògùn náà kàn máa jókòó síbẹ̀ ni. Ẹni tó forí gbá tí kò mọ ibi tó wà, kí n má fún un. Ẹni tí mímí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kí n má fún un. Ẹni tí mo bá ti fún, kí n sàmì sí iwájú orí rẹ̀. "Kí o tó fún ẹnikẹ́ni," ó ní, "kọ́kọ́ de ibi tó kán. Dídè náà, oògùn ìrora ni. Ó sì pọ̀ jù èyí tó wà nínú àpótí lọ." Lẹ́yìn náà, wọ́n pè é, ó sáré lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dè. Mo ya páálí oògùn, mo fi de apá. Àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n dúró lẹ́nu géètì ń sunkún, mo ké sí wọn pé kí wọ́n fún mi ní gèlè wọn. Wọ́n tú u lórí, wọ́n ń jù ú sí mi, òmíràn nínú wọn wọlé wá bá mi dè é. Bí mo bá ti de ẹsẹ̀ kan mọ́ pákó, màá rí i tí ojú ẹni náà rọ̀ díẹ̀, tí ẹ̀mí gígùn jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí dídè kò bá tó fún ni mo ń fún lábẹ́rẹ́. Mo fi oògùn aláwọ̀ àlùkò tí a ń kùn sójú egbò fa ìlà sí iwájú orí wọn lórí sìmẹ́ńtì.

Àwọn tó ń pariwo ń fà mí láṣọ. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kan tí èjìká rẹ̀ yẹ̀ ń ké, "Nọ́ọ̀sì, mo kú o! Nọ́ọ̀sì, ẹ̀mí ń lọ!" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí mi ká, wọ́n ní kí n fún un, kí n fún un kíá. Mo ní ẹni tó lè pariwo tó báyìí ní ẹ̀mí nínú, kí wọ́n bá mi gbé apá rẹ̀ sókè kí n fi gèlè gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n bú mi. Ọ̀kan ní, "Àjèjì ni, kí ló kàn án?" Mo gbọ́. N kò ní àyè láti bínú.

Ìgbà tí mo yí padà ni mo rí Hàláàtù. Ó jókòó ti ògiri, ó fẹ̀yìn tì í, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí kì í bá ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, n kì bá tí mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni tó bá ènìyàn wá. Mo fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ni mo wá rí i pé omi òógùn ti ya ojú sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ ní ìlà ìlà, ó sì ki etí aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń fi eyín lọ̀ ọ́.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Ó mi orí pé rárá.

"Hàláàtù, kí ló ń ṣe fún ẹ?"

Ó yọ aṣọ lẹ́nu. "Ó ń fà mí," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. "Bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fà á yọ."

Mo ká ìró rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí sódì láti itan wá. N kò ní sọ bí ó ti rí. Mo ké sí Dókítà, mo sì fún Hàláàtù lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ẹsẹ̀ náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí mo fi rí i tí ìka rẹ̀ tú nínú ọwọ́ mi. Láti ìgbà yẹn lọ, mo fi àwọn tó ń pariwo sílẹ̀, mo kọ́kọ́ ń wá àwọn tó dákẹ́ kiri.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Alfa Sálíù. Télọ̀ ni, láti Ọjà Tuntun, ó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà lọ́jọ́ náà. Ìdí igi dóńgóyárò ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i nígbà tó gbé ọwọ́ lé e léjìká, tó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Gbogbo nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Inú rẹ̀ ló ti fọ́, kò sí ohun tí a lè ṣe níbẹ̀ tó máa dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ó ń wò mí.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "inú mi ń já. Ó ń já mi, ó ń já mi." Ó sinmi. "Mo fẹ́ ka kálímà. Mo bẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kí n kà á tán. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún gé e."

Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ tí Mùsùlùmí kì í fẹ́ kú láìkà ni kálímà. Abẹ́rẹ́ ìrora tó kù lọ́wọ́ mi, ẹyọ kan ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì àgbàlá, Mátírọ́ọ̀nù ń pè mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀, egungun apá rẹ̀ ti gún ẹran ara jáde, Dókítà sì fẹ́ fà á padà sí ààyè rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ láti dé ọwọ́ náà. "Kútọnu! Gbé abẹ́rẹ́ wá síbí!"

Mo gbọ́ ọ. Mo wo ọ̀hún, mo wo ẹni tó wà nílẹ̀ níwájú mi. N kò lè sọ pé mo ronú. Ọwọ́ mi ti ń wá iṣan lára Alfa Sálíù kí n tó mọ̀.

Mo fún un díẹ̀díẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń tú, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó pa ojú dé, ó sì ka kálímà rẹ̀, ó kà á tán, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó la ojú.

"Ohùn yín kì í ṣe ti ìlú yìí."

"Kétu ni mo ti wá, Alfa."

"Áà. Ẹ rìn o." Ó di aṣọ mi mú. "Mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀ lórí aṣọ kan lórí tábìlì. Kí wọ́n gbé e kúrò. Aṣọ oníbàárà ni."

"Màá sọ fún wọn."

"Ẹ ṣé."

Ó sùn. Kò jí mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ń pe ìrun màgàríbà, ó ti lọ.

Èmi kò dúró tì í dé ìgbà yẹn. Mo sáré lọ bá Mátírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ òfo. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ìdí igi.

"Ẹni tó ń kú lọ lo fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tó máa yè ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀ síbi orí ọlọ́búrẹ́dì, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ní kó máa wo ojú mi, kó máa sọ fún mi irú búrẹ́dì tó ń tà. "Èyí gígùn," ó ní. "Èyí kékeré. Èyí..." Dókítà fa apá náà. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn bí mo bá ń fọ abọ́. Ó bu ọrùn ọwọ́ mi jẹ, n kò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, tí wọ́n ti kó àwọn tó le jù lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mo lọ bá Dókítà níbi tó ti ń fọwọ́. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

"Mi ò ní sọ pé o ṣe dáadáa," ó ní. "Mi ò sì ní sọ pé o ṣe burúkú. Ìwọ ni mo fi ìrora lé lọ́wọ́." Ó nu ọwọ́. "Lọ tọ́jú ọwọ́ tí wọ́n bù jẹ yẹn."

Láti ọjọ́ náà, ara tí kì í balẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá dàrú pátápátá. Mò ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, bí mo bá dé ìkẹyìn, màá tún padà sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ti padà sí ìbàdí Mátírọ́ọ̀nù. Òun àti èmi kò sọ ju "ẹ káàárọ̀, mà" lọ. Ọlọ́búrẹ́dì wá kí a yẹ apá rẹ̀ wò, mo fẹ́ gba ẹ̀yìn kọjá kó má bàa rí mi. Ó rí mi. Ó pè mí, ó wo báńdéèjì ọwọ́ mi. "Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹ má bínú. Ṣé ó ti ń jiná?" Mo ní ó ti ń jiná. Mo wọ yàrá ìkóǹkansí lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún.

Ní Sátidé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Post Office. Nígbà tí wọ́n pè mí, ohùn Màámi yàtọ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń gba tiwọn. Ọ̀gá yín ní ààyè rẹ ṣì wà. Máa bọ̀ wálé."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màámi."

"Ìgbà wo?"

Mo fẹ́ sọ fún un nípa sìmẹ́ńtì, nípa télọ̀, nípa ẹni tí n kò fún lábẹ́rẹ́. Èmi tí mò ń bi gbogbo ayé ní ohun tó ń ṣe wọ́n, n kò mọ ohun tí mo lè sọ pé ó ń ṣe mí. Kì í ta, kì í ro.

"Ṣé o wà níbẹ̀?" Màámi bi mí.

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló ṣe ẹ́?"

Wáyà já. Mo padà sílé, mo gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ká ìwọ̀nba tó wà níta sínú rẹ̀. Mo pinnu pé màá sọ fún Dókítà ní Mọ́ńdè pé mò ń padà sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àílà, ìyá arúgbó kan wọ ọgbà wa. Ó wọ ìborùn funfun, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó ní nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ Sálíù télọ̀ lòun ń wá, òun ni ìyá rẹ̀. Ìyàwó ọmọ òun ti wọ tàkábà opó, kò lè jáde kúrò nílé, ni òun fi wá fúnra òun.

Mo kúnlẹ̀. Kò kí mi, kò ṣàdúà. Ó bi mí tààrà: "Ṣé ó jẹ̀rora?"

Àwọn ènìyàn máa ń bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè yẹn, a sì ní irọ́ kan tí a máa ń pa fún wọn. Mo la ẹnu láti pa á, mo rí i pé n kò nílò rẹ̀.

"Níbẹ̀rẹ̀, ó jẹ̀rora, Ìyá. Ó le. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Ó ka kálímà rẹ̀, ó kà á tán. Ó ní kí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. Ó sùn."

Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n; n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. "Aṣọ," ó ní. "Aṣọ ló tún ń rò."

Àga kan dé lẹ́yìn rẹ̀ kó tó ṣubú. Mátírọ́ọ̀nù ló gbé e wá. N kò mọ ìgbà tó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó mú Ìyá jókòó, ó bu omi wá fún un, ó sì dúró tì wá. Nígbà tí Ìyá fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú, èyí tó ní báńdéèjì.

"Lọ́la la ó ṣe fìdáù rẹ̀, àdúà ọjọ́ kẹjọ. Wá."

Mo ní, "Ìyá, Kátólíìkì ni mí."

"Mo ní kí o wá."

Mátírọ́ọ̀nù ló dáhùn fún mi. "Ó ń bọ̀, Ìyá," ó ní. "Èmi ni màá di iṣẹ́ rẹ̀ mú."

Mọ́ńdè tí mo fẹ́ lọ bá Dókítà, Ọjà Tuntun ni mo gbà lọ. Agboolé náà kún. Àwọn alfa wà lórí ẹní níta, ohùn wọn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Wọ́n mú mi gba ẹ̀yìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn obìnrin. Gbogbo wọn gbójú sókè wò mí. Mo fi ìborùn tí mo yá bo orí, n kò mọ ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ sí, mo ti ń wá bí màá ṣe kí wọn kí n sì yára máa lọ.

Obìnrin kan bi Ìyá léèrè pé, "Ta nìyí?"

Ìyá kò wo ẹ̀yìn. Ó ń to ẹní.

"Òun ló wà lọ́dọ̀ Sálíù," ó ní.

Ìyàwó Sálíù wà ní kọ̀rọ̀, nínú aṣọ funfun. Ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó tẹ̀ lé e sún, gbogbo wọn sún mọ́ra wọn lórí ẹní títí ààyè kan fi ṣí sílẹ̀ láàárín. Mo bọ́ bàtà mi, mo sì jókòó.